Ọ̀bẹ Gbágùúdá Lórí Egbò Bàbá Rẹ

Agboolé Wa,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kẹwàá lẹ́yìn Iléyá.

Azeemah ọmọ Mọ́rúfù,

Mo kí ọ o. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun, àbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí o ń kọ́ ní Ìlọrin kò jẹ́ kí o ráyè gbé òkèlè sẹ́nu? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìwọ tó ń tọ́jú egbò ẹlòmíràn ní egbò lára. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún. Bàbá rẹ wà láàyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Mo tètè sọ ìyẹn kí àyà rẹ má baà já kí o tó kà á dé ìsàlẹ̀.

Matilda ló ń bá mi kọ ọ́, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bá mi fi ṣúgà sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè ọ́ lórí fóònù láti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí o bá ti gbé e, tí o ní "Ẹ káàárọ̀, mà," bí ẹni tó ń kí àlejò, ẹnu mi á wúwo. N ó béèrè bóyá òjò ń rọ̀ ní Ìlọrin, n ó sì pa á. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi ìwé sọ ọ́. Ìwé kò ṣeé pa bíi fóònù.

Ọ̀rọ̀ náà rèé: èmi tí mo bí bàbá rẹ ni mo ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe ìwọ. Kì í ṣe omi tí o fi wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi yìí ni.

O mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú ààwẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó sì gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Àtọ̀gbẹ kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà mọ nǹkan lára mọ́. Ìgbà tó bọ́ bàtà tó rí ẹ̀jẹ̀ ló tó mọ̀ pé nǹkan gún òun. Nígbà tí Iléyá fi dé, ó ti di egbò àdáàjinná, ó sì fẹ̀ tó ìdérí ìgò.

Ọjọ́ kejì Iléyá, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń lọ láti ilé dé ilé, ìwọ jókòó lórí àpótí, o gbé ẹsẹ̀ bàbá rẹ lé itan, o ń fi omi oògùn tí o gbé wá láti Ìlọrin wẹ̀ ẹ́. Ohun kan bo ojú egbò náà, ó rí bí ẹ̀kọ tútù, ó sì ń dán. Mo ní òkú ẹran ni, kí o wá nǹkan fi ha á kúrò. O ní, "Ìyá, kì í ṣe gbogbo ohun tó bo egbò ni òkú ẹran." O fi gọ́ọ̀sì nù ún, ó sì yọ̀ kúrò bí ikun. O ní òkú ẹran máa ń lẹ̀ mọ́ ara gírígírí, bí dókítà bá sì ti gé e, ibi tí ó gé kì í tún bò padà kíákíá. O ní èyí, àwọn kòkòrò àìfojúrí ló kóra jọ, tí wọ́n fi ohun yíyọ̀ ara wọn kọ́lé bo ara wọn mọ́lẹ̀, tí oògùn kò fi ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí a bá nù ún lónìí, lọ́tunla ó ti padà. O tún ní ojú lásán kò lè dá a mọ̀ tán, pé àwọn dókítà gan-an a máa ṣì í mú. Bó ṣe ń padà wá ni a fi ń fura sí i. O wá ní, "Ìyá, ẹ lọ wo dúrọ́ọ̀mù rọ́bà tí ẹ fi ń fọ gbágùúdá. Èèpo gbágùúdá ni òkú ẹran. Ohun tó ń yọ̀ lára dúrọ́ọ̀mù ni èyí."

Mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Fàtímọ̀ ìyàwó àbúrò mi, tí a jọ ń ṣe gàrí, wà níbẹ̀. Mo ní, "Fàtímọ̀, gbọ́ o! Ẹni tó dín gàrí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, tó jó mọ́ agbada, òun ló ń kọ́ mi ní gbágùúdá." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ gidi ni o sọ, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí o tó lọ, o ní kí n rí i pé ó ń lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lọ́nà Òdogbolú ní ọjọ́ méjì-méjì. A lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ á wẹ̀ ẹ́, á nù ún, á dì í. Bí wọ́n bá tú u ní ọjọ́ kejì, ohun dídán yẹn á ti tún bò ó. Lójú tèmi, wọn kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bẹ gbágùúdá tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀, kò bẹ ẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ohun tí o sọ fún mi gan-an ni mò ń fojú rí: ó ń padà wá. Mo rí i, mo sì kà á sí nǹkan mìíràn.

Ohun tó tún tàn mí jẹ ni pé bàbá rẹ kò mọ ìrora. Mo fi èékánná tẹ ojú egbò náà, mo ní, "Mọ́rúfù, ṣé ó dùn ọ́?" Ó ní rárá. Mo wí fún ara mi pé ẹran tí kò mọ ìrora, òkú ni. Mi ò rántí pé ẹsẹ̀ yẹn kò mọ ìrora lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ gún un, nígbà tí ẹran ibẹ̀ ṣì pé.

Bí mo ṣe dá lílọ sí Òdogbolú dúró nìyẹn. Mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń bẹ gbágùúdá, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí mo fi aṣọ wé èèkù rẹ̀. Mo sè é nínú omi. Mo sè é dáadáa, mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn. Kò dín ẹ̀ṣẹ̀ mi kù, ṣùgbọ́n mo sè é. Mo gbé ẹsẹ̀ ọmọ mi lé itan bí ìwọ náà ṣe gbé e, mo sì ha á. Láràárọ̀, fún ọjọ́ méjìdínlógún. Mo ń ha á títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, inú mi á dùn, mo rò pé mo ti dé ibi tó dára ni. Lọ́jọ́ kìíní, bàbá rẹ ní, "Ìyá, Azeemah ní ká má fi irin kàn án o." Mo ní, "Èmi ni mo bí ọ àbí Azeemah?" Ó ń wo òrùlé. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta.

O ń pè, o ń béèrè pé, "Ìyá, ṣé ẹ ń lọ o?" Mo ní à ń lọ. Irọ́ ni. O ní kí n jẹ́ kí wọ́n ya egbò náà ní fọ́tò ránṣẹ́, mo ní ojú fóònù ti fọ́. Kò fọ́. Matilda bi mí bóyá kí òun kọ ìyẹn náà, mo ní kó kọ ọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejìdínlógún, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kéré jù ti dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e ti ń dúdú, ibà sì dá a dùbúlẹ̀. Abdulrauf ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Ìwọ gbọ́, o sáré wá, ọsibítù ni o kọ́kọ́ yà kí o tó wálé. Ọjọ́ Àìkú ni, ẹbí ti péjọ sí gbọ̀ngán. O wọlé, o ní kí ni wọ́n ṣe sí ẹsẹ̀ bàbá òun tó fi jin kòtò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Kí ẹnikẹ́ni tó wo apá ọ̀dọ̀ mi, mo ti la ẹnu. O rántí ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n n ó tún un sọ kí Matilda lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́: "Omi tó gbé wá láti Ìlọrin ló ba ẹsẹ̀ náà jẹ́. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ló fi ń kọ́ṣẹ́."

Kò sí ẹni tó bá mi wí. O kúnlẹ̀, o ní, "Ẹ ṣé, mà," o mú báàgì rẹ, o jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ni o fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ ní ọsibítù. Ìwọ ni o di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n gé ìka méjèèjì. Láti ibẹ̀ ni o ti padà sí Ìlọrin, o kò tún tẹ ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ẹbí ní ìtìjú ló lé ọ lọ. Mo gbọ́, mi ò dá wọn lóhùn. Ìtìjú tèmi ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́, mo sì jẹ́ kí o wọ̀ ọ́ lọ.

Bàbá rẹ mọ̀. Nígbà tí dókítà bi í léèrè ẹni tó fi nǹkan ha egbò náà, ó ní òun fúnra òun ni, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, pé abẹ ni òun fi ṣe é. Ó ń bo ìyá rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bó bá purọ́, mo máa ń na án. Lọ́jọ́ yẹn mo dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo gbọ́ irọ́ náà, mo sì gbé e mì.

Ó pé ọjọ́ mẹ́rin tí o ti lọ, mo wà ní ìdí iṣẹ́ láàárọ̀, mo fẹ́ fọ dúrọ́ọ̀mù kí a tó da gbágùúdá tuntun sí i. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni mo ti fi irin ha inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ti ń yọ̀. Mo fi ìka lọ káàkiri. Ibi tí irin kò kàn, ó yọ̀ díẹ̀. Ibi tí irin ti fa ìlà sí ara rọ́bà náà ni ó pọ̀ sí jù, ó kún inú àwọn ìlà yẹn bámúbámú. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé mò ń fọ̀ ọ́, ilé ni mò ń kọ́ fún un. Fàtímọ̀ ní, "Ìyá, kí lẹ rí nínú rẹ̀?" Mo ní, "Ẹsẹ̀ Mọ́rúfù." Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Mo jókòó ti òkìtì èèpo gbágùúdá. Láti àná ni àwọn èèpo náà ti wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó padà lọ lẹ̀ mọ́ gbágùúdá tí a bẹ ẹ́ lára.

Mi ò fọ ọwọ́ tán tí mo fi wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù. Mo bá dókítà ní ìdí bẹ́ẹ̀dì, òun àti nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ọmọlará. Ó ń ṣàlàyé fún bàbá rẹ pé bí egbò náà ṣe jin láàrin ìwọ̀nba ọjọ́ yìí, àfi bí ẹni pé àìsàn náà ló ń jẹ ẹ́ lọ sísàlẹ̀, pé ó lè jẹ́ pé wọn ó gé e ní ọrùn ẹsẹ̀ kí ó tó gun ojúgun. Bàbá rẹ ń mi orí. Ó ń fi ẹsẹ̀ tó fi ń jẹun tọrẹ, nítorí kí wọ́n má baà sọ pé ìyá rẹ̀ ṣìṣe.

Mo ní, "Dókítà, kò jin fúnra rẹ̀. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ méjìdínlógún. Ọ̀bẹ gbágùúdá ni."

Bàbá rẹ ní, "Ìyá, ẹ dákẹ́." Mo ní, "Ìwọ ni kó o dákẹ́. Ìgbà tó yẹ kó o sọ̀rọ̀ lo dákẹ́, ìgbà tó yẹ kó o dákẹ́ lo wá ń sọ̀rọ̀." Obìnrin kan tó jókòó ti aláìsàn ní bẹ́ẹ̀dì kejì pàtẹ́wọ́, ó ní, "Yéè! Ìyá tó bí i lọ́mọ?" Mo ní, "Èmi náà ni. Ẹ wò mí dáadáa."

Dókítà kò bú mi. Ì bá bú mi ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ó kàn ní ká ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní ni. Ó tún egbò náà wò látòkèdélẹ̀, ó fi nǹkan tín-ín-rín wọn jíjìn rẹ̀, ó tún ní kí wọ́n ya àwòrán egungun. Egungun kò tíì bàjẹ́. Ó ní òun yóò fún ẹsẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì kí òun tó sọ̀rọ̀ gígé.

Lẹ́yìn náà ni ó fi ohun kan hàn mí tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ní etí egbò náà, níbi kan tí ọ̀bẹ mi kò fi bẹ́ẹ̀ dé, ohun dúdú kan wà níbẹ̀ tó le bí awọ bàtà. Ó ní, "Ìyá, òkú ẹran gidi rèé." Ó fi irinṣẹ́ tirẹ̀ gé e, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mo ti ń kọjá lára rẹ̀ láràárọ̀. Azeemah, alààyè ni mo ń ha, òkú ni mo fi sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ọmọlará ni ó ń wẹ egbò náà. Ó ń nu ohun yíyọ̀ yẹn kúrò dáadáa, ó ń da omi oògùn sí gọ́ọ̀sì, á fi lé e lórí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dì í. Lọ́jọ́ kejì á tú u, á tún ṣe é, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí náà má baà ráyè tún ilé wọn kọ́. Mo bi í pé báwo ni ó ṣe mọ̀ pé kì í ṣe òkú ẹran. Ohun tí o sọ fún mi ní Iléyá ló sọ, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Mo ní ta ló kọ́ ọ? Ó ní, "Ọmọ yín ni, nígbà tó wà níbí pẹ̀lú bàbá rẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú àná, mo ní kí Abdulrauf pe ẹbí jọ sí gbọ̀ngán kan náà. Mo dúró, mi ò jókòó. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún dókítà. Abdulrauf ní àgbà ló dé, kí wọ́n fi sílẹ̀. Mo ní kì í ṣe àgbà. Mo mọ ohun tí wọ́n sọ fún mi, mo kọ̀ ọ́ nítorí pé ọmọ kékeré ló sọ ọ́. Mo purọ́ nítorí pé mo ṣìṣe. Mo wá ba ọmọ náà lórúkọ jẹ́ nítorí pé mo purọ́. Mo ní kí gbogbo àwọn tó wí pé ìtìjú lé ọ lọ pè ọ́. Ẹni tí kò bá tíì pè, kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Fàtímọ̀ ní kí a ju ọ̀bẹ náà nù. Mo ní kí ló ṣe? Gbágùúdá ni a rà á fún, ó sì ń bẹ gbágùúdá dáadáa. Ọwọ́ tó gbé e lọ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀ ló jẹ̀bi.

Wọ́n máa ń ní àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé. Àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ha ẹsẹ̀ ọmọ wọn. Azeemah, dárí jì mí. Matilda ti kọ ọ́, mo sì gbọ́ nígbà tó kà á. Mi ò ní kí o gbàgbé, èmi náà kò ní gbàgbé. Bí ẹsẹ̀ náà bá dúró, wọn yóò dá a sílẹ̀ ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ilé ni a ó sì ti máa wẹ̀ ẹ́ láàrin ọjọ́ tó bá ń lọ rí dókítà. Fàtímọ̀ ni yóò máa ṣe é, kì í ṣe èmi. Wá kọ́ Fàtímọ̀ bí yóò ṣe máa ṣe é. Bí o bá dé, má gba ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó jẹ̀bi. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí o gbà.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. Ọwọ́ tí o fi ń wo egbò kò ní gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí o bá sọ ní òtítọ́, wọn kò ní fi ọ́ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì, ní ilé wa tàbí ní ibòmíràn. Ìyá rẹ ti lọ; o kò ní fi kékeré sin bàbá rẹ tí ó kù. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí bàbá rẹ,
Mùínátù.
(Àtàǹpàkò mi ni mo tẹ̀ síbí. Matilda kò bá mi tẹ̀ ẹ́.)

Àfikún: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a ń kọ èyí. Micah awakọ̀ tó ń lọ sí Ìlọrin ni yóò mú ìwé yìí wá, mo ní kí ó dúró dè mí nítorí pé òní ni wọ́n tú egbò náà. Mo wà níbẹ̀. Ní ọwọ́ ibi tí ìka kékeré wà tẹ́lẹ̀, ojú ibì kan wà tó fẹ̀ tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì, tí ohun yíyọ̀ kò padà sí láti ọjọ́ méjì. Ó pupa, kò dán. Ọmọlará ní kì í ṣe ohun tí a lè fi búra, pé kí a ṣì máa wò ó. Bàbá rẹ ní, "Ìyá, ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ rí i." Mo sún mọ́ ọn. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan, mo jókòó lé wọn lórí, mo sì wò ó. Mi ò fọwọ́ kàn án.